Ọ̀bẹ tí ó Fẹ́ Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀: Àsọyé lórí Ọgbọ́n àti Ẹ̀fẹ̀ Samuel Johnson



Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Òtítọ́ ni òwe yìí. Ẹni tí ó lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo parí ẹjọ́ aládùúgbò rẹ̀, ẹni náà gan-an ni ó sábà máa ń ṣe aláìní ẹni tí yóò bá a tún ìwà tirẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ òní a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin kan ní Ìlú Ọba, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ, tí ó sì lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti yí ojú ọ̀bẹ náà padà sí èèkù. Kò ṣe é tán. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ṣe é dé tó láti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Samuel Johnson. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í mú fún ẹlòmíràn. Àwa Yorùbá ní Samuel Johnson tiwa, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, tí a bí ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró ní ọdún 1846. Òun ni ó kọ ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, tí ó parí rẹ̀ ní 1897. Ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ náà sọnù ní Ìlú Ọba, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901 láìfi ojú rí i ní títẹ̀. Arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi sùúrù tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, títí ó fi jáde ní 1921. Ọpẹ́ ni fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni Johnson tí a fẹ́ sọ yìí, ó sì ti kú ju 60 ọdún lọ kí a tó bí àlùfáà wa.

Ìgbà èwe rẹ̀

A bí i ní ọdún 1709 ní Lichfield, ìlú kan ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Michael, baba rẹ̀, ń ta ìwé, ṣùgbọ́n ọjà náà kò fi bẹ́ẹ̀ pé e. Láti kékeré ni àrùn kan tí ń mú ọrùn wú, tí ó sì ń di egbò, ti kọlu ọmọ náà. Ó fi àpá sí i lójú àti lọ́rùn, ó bà á ní ojú kan jẹ́, ó sì mú kí etí rẹ̀ kan wúwo. Ní ìgbà náà àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbàgbọ́ pé ọwọ́ ọba lè wo irú àrùn bẹ́ẹ̀ sàn. Nítorí náà ní 1712 ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí Ọbabìnrin Anne lè fi ọwọ́ kàn án. Ọbabìnrin fi ọwọ́ kàn án. Àrùn kò lọ.

Ní 1728 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Oxford. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n àpò rẹ̀ ṣófo. Bàtà rẹ̀ ya tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọjú. Ẹnìkan tí àánú ṣe gbé bàtà tuntun sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Johnson rí i, inú bí i, ó sì sọ ọ́ nù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àìlówó lé e kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ náà láìgba oyè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bàtà yìí sí ọkàn yín, nítorí pé ìgbéraga tí ó sọ bàtà nù ní Oxford ni a óò tún bá pàdé ní ọjà kan kí ọ̀rọ̀ wa tó parí.

Ó gbéyàwó ní 1735. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ tí ó wá kò tó nǹkan, ilé ẹ̀kọ́ náà sì tú. Ní 1737 ó gba ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù lọ láti fi kálámù wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Ní 1746 àwọn oníwèé ní Lọ́ńdọ̀nù gbé iṣẹ́ ńlá kan fún un, pé kí ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì jọ sínú ìwé kan, kí ó sì túmọ̀ wọn. Johnson ní ọdún 3 tó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan rán an létí pé àwọn ọ̀mọ̀wé 40 ní ilẹ̀ Faransé lo ogójì ọdún lórí irú iṣẹ́ kan náà. Johnson ṣe ìṣirò: ogójì lọ́nà ogójì jẹ́ 1,600, nítorí náà, ó ní, bí 3 ti rí sí 1,600 ni Gẹ̀ẹ́sì kan rí sí Faransé kan. Gbogbo àwọn tí ó gbọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà padà sórí ẹni tí ó dá a, nítorí pé ìwé náà kò jáde títí di 1755. Ọdún 3 ti di ọdún 9 ó dín díẹ̀, aya rẹ̀ sì ti kú ní 1752 kí ó tó parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó ju 40,000 lọ ni ó wà nínú ìwé náà. Ní abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí Johnson fi gbólóhùn láti inú ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n ìṣáájú hàn bí a ti ń lò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìran wa pẹ̀lú ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí a sì dá sílẹ̀ ní 1822, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ní 1852 ó tún un tẹ̀ pẹ̀lú àfikún púpọ̀. Níbi tí Johnson ti fi ọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé ṣe ẹlẹ́rìí, òwe àwọn àgbà ni Crowther fi ṣe ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Vidal ti Sàró kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i, ó sì yìn àwọn òwe náà gidigidi. Nítorí náà, bí a bá ń ka Johnson, kí a má ṣe rò pé àlejò ni ọgbọ́n kúkúrú tí ó mú ṣinṣin jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Onílé ni, orúkọ rẹ̀ ni òwe.

Ẹ̀fẹ̀ wà nínú ìwé ìtumọ̀ náà. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ nípa oats, ó ní irúgbìn kan ni tí a fi ń bọ́ ẹṣin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tí ènìyàn ń jẹ ní Skọ́tláńdì. Inú àwọn ará Skọ́tláńdì kò dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ẹni tí ń kọ ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ìyẹn òun fúnra rẹ̀, ó kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ aláìlẹ́bi kan lásán ni, tí ń ṣe wàhálà ní ìdákẹ́jẹ́. Bí ó ti bu ẹlòmíràn bù, bẹ́ẹ̀ ni ó bu ara rẹ̀ bù.

Obìnrin kan bi í léèrè ìdí tí ó fi kọ ọ́ pé apá kan tí ó wà lókè pátákò ẹṣin ni orúnkún ẹṣin. Gbogbo ènìyàn ń retí kí ọlọ́gbọ́n náà wá àwáwí. Ó dáhùn pé àìmọ̀ ni, àìmọ̀ pọ́ńbélé. Ẹ̀yin ará, ẹ wo iye ìjà tí ìbá ti parí ní ilé wa, ní ilé ẹjọ́ wa, àti nínú ìgbìmọ̀ ìjọ wa, bí àgbà kan bá lè sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí láìgbọ̀n.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìrònú rẹ̀

Nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìtumọ̀ yìí lọ́wọ́, ó tún ń kọ ìwé pélébé kan tí ó pè ní Rambler, èyí tí a lè pè ní Alárìnká. Láti oṣù kẹta ọdún 1750 títí di oṣù kẹta ọdún 1752, ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọọjọ́ Àbámẹ́ta, ìwé náà ń jáde, kọ́bọ̀ méjì ni wọ́n ń tà á, ó sì pé 208 ní iye. Díẹ̀ kíún ni ẹlòmíràn kọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti 1758 dé 1760, ó kọ òmíràn tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Idler, èyíinì ni Ọ̀lẹ. Orúkọ ara rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́, bí ẹ óò ti rí i láìpẹ́.

Kí ni ó ń sọ nínú wọn? Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìrètí àti ìjákulẹ̀, nípa ìlara, nípa ìgbéyàwó àwọn tí owó nìkan so pọ̀, nípa ẹni tí ń sún iṣẹ́ òní di ọ̀la. Kì í ṣe bí ẹni tí ó dúró lórí òkè ni ó ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ méjì wá.

Ní ìgbà ayé rẹ̀, olè àti apànìyàn, okùn kan náà ni a fi ń so wọ́n kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1751 Johnson kọ̀wé pé èyí kò tọ́, ó sì fi ìdí rẹ̀ hàn. Bí ìjìyà olè àti ti apànìyàn bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ni yóò dá olè dúró kí ó má ṣe pa ẹni tí ó jà lólè, kí ẹlẹ́rìí má baà sí? Àti pé àwọn tí a jà lólè yóò dákẹ́, nítorí ẹ̀rí ọkàn wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ènìyàn fún ikú nítorí ẹrù. Ìyà tí ó pọ̀ jù ń mú ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ rí mọ̀ pé òtítọ́ ni.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti gbèsè. Ní 1756, ní ọdún kan péré lẹ́yìn tí ìwé ńlá rẹ̀ jáde, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, a mú un nítorí gbèsè tí kò pé pọ́n-ùn 6. Samuel Richardson, tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé, ni ó fi owó ránṣẹ́ tí a fi tú u sílẹ̀. Nígbà tí Johnson sì kọ̀wé nínú Idler lòdì sí jíju onígbèsè sí ẹ̀wọ̀n, tí ó ní ẹni tí ó yá ni lówó nítorí èrè pẹ̀lú ní ìpín nínú ẹ̀bi, kò fi ti ẹlòmíràn ṣe ọgbọ́n. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á.

Àwọn tí ó fi ahọ́n rẹ̀ nà

Ahọ́n mímú dà bí pàṣán. A kì í kọ́kọ́ béèrè bí ó ti dunni tó. A máa ń béèrè pé ta ni a fi nà. Ẹni púpọ̀ ní ń rẹ́rìn-ín sí ọlọ́rọ̀ nígbà tí ó bá kọjá, tí wọ́n sì ń fi òtòṣì ṣe yẹ̀yẹ́ ní ojúkorojú. Johnson kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìjòyè ńlá kan wà tí à ń pè ní Lord Chesterfield. Nígbà tí Johnson bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé ìtumọ̀ rẹ̀, ó tọ ìjòyè yìí lọ fún ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ó dúró sí. Nígbà tí iṣẹ́ ti ń parí, ìjòyè náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sínú ìwé ìròyìn, kí ayé lè rò pé òun ni alátìlẹ́yìn. Ní oṣù kejì ọdún 1755 Johnson kọ lẹ́tà sí i. Lẹ́tà náà kún fún ọ̀wọ̀, kò sì sí èébú kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó gún ju ọ̀kọ̀ lọ. Kókó rẹ̀ ni pé ẹni tí ó wo ọmọnìkejì rẹ̀ níran nínú odò, tí ó wá na ọwọ́ sí i nígbà tí ó ti gun èbúté, kì í ṣe olùrànlọ́wọ́.

Ó tún fi ahọ́n náà lu àwọn olówò ẹrú. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtàkì ní Ìlú Ọba ń jẹ lára òwò náà, Johnson gbé ife sókè ní Oxford láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé, ó sì mu ún sí àṣeyọrí ìṣọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dúdú yóò tún ṣe ní erékùṣù Ìwọ̀-Oòrùn Ìndíìsì. Ní 1775, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pariwo òmìnira, ó bi wọ́n léèrè bí ó ti jẹ́ tí àwọn tí ń da ẹrú lọ́wọ́ ni ohùn wọn ròkè jù. Nígbà tí Joseph Knight, ọmọ Áfíríkà kan, pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ ní Skọ́tláńdì kí ó lè gba òmìnira, Johnson bá wọn kọ àwíjàre fún un, ilé ẹjọ́ sì dá Knight láre ní 1778. A fẹ́ kí àwa tí ó jẹ́ ìran àwọn tí a kó lọ rántí èyí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan lè ṣe iṣẹ́ ìwàásù, bí a bá sọ ọ́ ní ibi tí ó lè ná ẹni tí ó sọ ọ́ ní nǹkan.

Ṣùgbọ́n nínú ilé rẹ̀, ahọ́n yìí ń di ahọ́n ìyá arúgbó. Francis Barber, ọmọ tí a bí sí oko ẹrú ní Jàmáíkà, wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní 1752. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó wá ṣe, ṣùgbọ́n Johnson rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Johnson sì kú, Barber yìí ni ó fi ṣe àrólé ohun ìní rẹ̀, pẹ̀lú pọ́n-ùn 70 ní ọdọọdún. Obìnrin afọ́jú kan, Anna Williams, ń gbé ilé rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni Robert Levet, tí ń tọ́jú àwọn aláìsàn òtòṣì. Wọ́n a máa bá ara wọn jà, Johnson a sì máa fara dà á. Bí ó bá ń bọ̀ wálé lóru, tí ó rí àwọn ọmọ tí kò nílé tí wọ́n sùn sí ẹ̀bá ọ̀nà, a fi kọ́bọ̀ sí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n lè jí bá oúnjẹ àárọ̀. Ó ní ológbò kan tí ó fẹ́ràn ẹran inú ìkarahun òkun. Johnson fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ ra á ní ọjà, kí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ má baà kórìíra ológbò náà nítorí pé a ń fi í dá wọn lágara.

Ibi tí ọ̀bẹ kò ti mú

A kò sọ gbogbo èyí láti sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ìwà rẹ̀ ní àléébù, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí i.

Ọ̀lẹ ni. Ẹni tí ó kọ̀wé lòdì sí ìmẹ́lẹ́ ń sùn títí oòrùn yóò fi dé àtàrí. Nínú àdúrà tí ó kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1785 lẹ́yìn ikú rẹ̀, a rí i tí ó ń ṣe ìpinnu ní ọdọọdún pé òun yóò máa tètè jí. Ọdún yóò yí po, yóò sì tún ìpinnu kan náà ṣe. Wọ́n ròyìn pé ọ̀rọ̀ tí ó kọ nípa sísún iṣẹ́ síwájú nínú Rambler, pẹ̀lú ìkánjú ni ó kọ ọ́ ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, nígbà tí ọmọ ìránṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé dúró tì í tí ó ń retí ìwé.

Owó ìjọba pẹ̀lú bá a jà. Nínú ìwé ìtumọ̀ rẹ̀ ó ti fi owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ń fún ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́, bí owó ọ̀yà tí a fi ń ra àwọn tí yóò da ìlú wọn. Ní 1762 ọba ní kí a máa fún un ní pọ́n-ùn 300 lọ́dún. Ó dààmú, ó lọ bèèrè ìmọ̀ràn. A sọ fún un pé nítorí iṣẹ́ tí ó ti ṣe ni, kì í ṣe nítorí èyí tí yóò ṣe. Ó gbà á, gbogbo ìlú sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹyin lọ̀rọ̀, Johnson kò lè ṣa á jọ mọ́.

Èyí tí ó burú jù ni pé nígbà mìíràn a máa fi ahọ́n rẹ̀ ṣá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. James Boswell, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Skọ́tláńdì tí ó pàdé rẹ̀ ní 1763, tí ó sì tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1791, kò fi èyí pamọ́. Ó sọ pé ní 1773 Johnson sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí Oliver Goldsmith, òǹkọ̀wé, nídìí oúnjẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà wọ́n tún pàdé láàrin ẹgbẹ́ wọn. Goldsmith jókòó, ó ń ronú. Johnson sọ fún àwọn tí ó wà nítòsí pé òun yóò mú kí Goldsmith dárí ji òun, ó sì pè é ní ojú gbogbo wọn, ó tọrọ àforíjì. Goldsmith gbà láìjanpata. Ibi tí ó ti ṣẹ̀ ẹ́ ni gbangba. Ní gbangba náà ni ó ti bẹ̀ ẹ́.

Ọjà Uttoxeter

Nísinsìnyí a dé ọjà tí a ti ṣèlérí. Michael, baba Johnson, a máa lọ ta ìwé ní ọjọ́ ọjà ní ìlú Uttoxeter, tí kò jìnnà sí Lichfield. Ní ọjọ́ kan ara rẹ̀ kò le, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó bá òun lọ jókòó ti ọjà. Ọmọ náà kọ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kí ó máa pàtẹ ìwé láàrin àwọn oníṣòwò! Ìgbéraga tí ó sọ bàtà nù ni ó dáhùn. Baba lọ fúnra rẹ̀. Ní 1731 baba náà kú.

Johnson di ẹni ńlá. Àwọn ọlọ́lá ń wá a, ọba bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà náà kò kúrò ní ọkàn rẹ̀. Ní nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn tí ó kọ̀ fún baba rẹ̀, tí òun náà ti di arúgbó aláìsàn, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Uttoxeter. Òjò ń rọ̀. Ó lọ sí ibi tí ilé ìtàjà baba rẹ̀ máa ń wà, ó ṣí fìlà, ó sì dúró nínú òjò náà fún ìgbà pípẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún ọ̀dọ́ àlùfáà kan ní Lichfield. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù December ọdún 1784, a sì sin ín sí Westminster Abbey, níbi tí a ti sin ọ̀pọ̀ ọba sí.

Ẹ̀yin ará Ute mọ ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Ẹ mọ̀ pé nígbà ọdún Ìgogo a kì í lu ìlù níbẹ̀, agogo ni à ń lù. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Ọrọnsẹn, aya Ọlọ́wọ̀ ìgbà kan, ní àwọn èèwọ̀ tí a kò gbọdọ̀ ṣe ní ojú rẹ̀, irú bí ilá lílọ̀ àti jíju ìdì igi ìdáná sílẹ̀. Ìlara àwọn orogún rẹ̀ mú kí a da àwọn èèwọ̀ náà. Ó fi ilé sílẹ̀, kò sì padà mọ́. A kò mú ọ̀rọ̀ ìbọ wá sínú ìwé yìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ìlú ńlá kan lè mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀ nínú ilé yẹ ní ìrántí ní gbangba, kí ilẹ̀kẹ̀ àti adé má baà bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí Ọ̀wọ̀ ń ṣe pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, Johnson dá a ṣe ní ìlú àjèjì, nínú òjò, láìsí agogo. Baba tí ó ṣẹ̀ kò sí láyé láti rí i. Àwọn ọlọ́jà kò mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ìlò ọ̀rọ̀ yìí fún wa

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìrònú Johnson fi ní ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọgbọ́n tí wọ́n ń tà fún aládùúgbò, tí wọn kì í tọ́ wò nínú ilé wọn. Johnson kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ka orí ara rẹ̀. Bí ó bá bá àwọn alágbára wí, ó fi ara rẹ̀ wéwu. Bí ó bá kọ̀wé sí ọ̀lẹ, ó pe ara rẹ̀ ní Ọ̀lẹ. Bí ó bá ṣẹ̀, ó lọ dúró ní ojú ibi tí ó ti ṣẹ̀.

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ń wí. Ṣùgbọ́n a lè fi ẹṣin gbé aláìsàn, a sì lè fi ẹṣin tẹ ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀. Àwa àgbà ìjọ ní ẹṣin púpọ̀ ní gàá wa. Nígbà tí a bá ń pa òwe fún ọ̀dọ́, ṣé láti gbé e ni, tàbí láti tẹ̀ ẹ́?

Àwa tí a kọ ìwé yìí kò mọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú ìsìn kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde láti ka ẹ̀kọ́ kejì. Àyà rẹ̀ já, ó ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, ó tún un ṣì. Lẹ́yìn ìsìn, ní ẹnu ọ̀nà, a pa òwe kan. Òwe náà dára, ó bá ọ̀rọ̀ mu, gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín; a lọ sí ilé wa pẹ̀lú ìdùnnú pé a sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ọmọkùnrin náà kò tún dìde kàwé nínú ìjọ mọ́. Ó di ẹni tí ń jókòó sí ẹ̀yìn, tí ń jáde kí a tó kọ orin ìkẹyìn.

Ọdún méjì kọjá kí a tó mọ̀ pé a ní Uttoxeter tiwa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan a lọ bá a ní ilé baba rẹ̀, a sì bẹ̀ ẹ́ ní ojú àwọn òbí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ tán, ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì bu omi wá fún wa. A mu ún. Títí di bí a ti ń kọ ìwé yìí kò tíì tún gba Bíbélì lọ́wọ́ akàwé. A kò sọ pé ẹ̀bẹ̀ ń tún gbogbo nǹkan ṣe. Òjò tí ó pa Johnson kò jí baba rẹ̀ dìde.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kí a tó pa òwe fún ẹnikẹ́ni tí ó kéré sí wa, a máa ń kọ́kọ́ pa á fún ara wa ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí a lè mọ bí ó ti ń dunni tó. Ọ̀pọ̀ òwe ni a ti gbé mì nípa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọ̀bẹ kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí tiwa máa gbìyànjú. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ ọjà tí ó yẹ kí ó lọ dúró sí, kí ó má ṣe dúró di àádọ́ta ọdún kí ó tó lọ, nígbà tí ẹni tí ó ṣẹ̀ ṣì wà láàyè láti fún un ní omi mu.